Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n mú màmá mi lọ sí eré Beautiful Nubia?

Àbẹ̀ní Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í fi eré olórin wa Beautiful Nubia ṣeré. Tó bá ti wà ní Èkó, tí owó sì wà lọ́wọ́, màá lọ ni. Èyí tí mo fẹ́ lọ báyìí, gbọ̀ngán tíátà kékeré ni, àga ibẹ̀ kò ju igba lé díẹ̀ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo rà. Ọ̀rẹ́ mi tó yẹ ká jọ lọ ti yẹ̀ ẹ́. Ó ní eré tá a lọ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ pọ̀ ju orin lọ, àti pé àwọn orin tí òun mọ̀ kọ́ ni wọ́n kọ. Ẹ̀gbẹ́ ara wa la sì jókòó sí o! Èmi délé lọ́jọ́ náà, oorun ò kùn mí, orin ṣì ń lọ lágbárí mi.

Ni màmá mi bá ní àwọn á tẹ̀ lé mi.

Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orin Ebenezer Obey ni wọ́n jó títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Lójú tiwọn, olórin tí kò bá kì yín, tí ẹ ò sì náwó fún, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti ní kí n bá àwọn wá náírà tuntun, igba-igba. Gèlè ti jáde nínú àpótí, aṣọ òkè gidi. Tí wọ́n bá wé e tán, ẹni tó bá wà lẹ́yìn wọn ò ní rí nǹkan kan mọ́ àfi gèlè.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé wọ́n á jókòó bíi wákàtí méjì, kò sí jíjẹ, kò sí mímu, ijó náà ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Tí olórin bá wá ń sọ ìtàn bí orin kan ṣe wáyé, màmá mi lè béèrè sókè pé "ṣé ó ti parí ni?" Wọ́n ṣe irú ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó nínú gbọ̀ngán kékeré, báwo ló ṣe rí lára yín? Ṣé kí n mú wọn lọ, àbí kí n wá ẹlòmíràn ta tíkẹ́ẹ̀tì fún?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ mú wọn lọ jàre. Láti ìgbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde ní 1997 ni mo ti ń gbọ́ ọkùnrin yìí. Ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi ni, UI ló ti kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ẹranko kó tó di pé orin gbà á. Mo ti wò ó ní gbangba, mo ti wò ó nínú gbọ̀ngán kékeré, wọn ò jọra rárá. Ní gbangba, ìlù àti ariwo èrò ló ń gbéni lọ. Nínú gbọ̀ngán kékeré, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó gbé ohùn. Ẹ máa gbọ́ bí ìka onígìtá ṣe ń fà lórí okùn nígbà tó bá ń sún ọwọ́. Orin kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi, mo máa ń fò ó lórí fóònù ni. Ó kọ ọ́ jẹ́jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, gìtá kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ péré. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nu ojú. Èmi náà... ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín ń ráhùn lé lórí, akéwì ni ọkùnrin yẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu akéwì, kí ló wá wá?

Ìyá Ìbejì

Èmi ò fara mọ́ ọn o. Mo mú ìyá ọkọ mi lọ sí irú eré bẹ́ẹ̀, olórin mìíràn ni, mi ò sì ní dárúkọ gbọ̀ngán. Aago mẹ́rin ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù kí ẹnikẹ́ni tó yọjú lórí ìtàgé. Ẹ̀rọ amúlétutù wá ń fẹ́ bí ilé tí wọ́n ń kó ẹja yìnyín sí. Ìyá da ìborùn borí, wọ́n sùn. Ìgbà tí àtẹ́wọ́ jí wọn, wọ́n bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti gbé oúnjẹ wá ni?"

Obey ni wọ́n fẹ́, ẹ fi Obey sí i fún wọn nílé. Ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì yẹn.

Àlàbí Onímáìkì

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n sọ ti ìjókòó, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń bínú sí eré láìmọ ohun tó fà á. Àwọn èèyàn rò pé iwájú pátápátá ló dáa jù. Nínú gbọ̀ngán kékeré, kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ìtàgé ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńlá sí, wọ́n á sì kọjú rẹ̀ sí àárín àti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá jókòó síwájú, láàárín gbùngbùn, orí rẹ̀ ni ohùn olórin ń gbà kọjá. Ìlù gan-an ló máa gbọ́: dírọ́ọ̀mù, gángan, agogo. Ìlù ò nílò máìkì nínú yàrá tó mọ bẹ́ẹ̀, ohùn èèyàn ló nílò rẹ̀. Wọ́n á wá délé, wọ́n á ní "mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ", wọ́n á dá olórin lẹ́bi.

Ẹ wo ibi tí ẹni tó ń darí ohùn gbé tábìlì rẹ̀ kalẹ̀ sí, èyí tí bọ́tìnnì pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀ díẹ̀. Ohun tí etí òun bá gbọ́ níbẹ̀ ló fi ń tún un ṣe. Kí màmá wà létí ọ̀nà, kí wọ́n lè na ẹsẹ̀, kí wọ́n sì lè dìde lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì láì tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Gèlè yẹn ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ ro ti ẹni tó wà lẹ́yìn.

Amòfin Ìjẹ̀bú

Tèmi ni ti náwó. Òfin CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti 2007, abala 21, ka fífọ́n owó lé èèyàn lórí mọ́ ìlòkulò náírà. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, Bobrisky gba oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀, ilé ẹjọ́ ò sì fún un láyè owó ìtanràn. Mi ò sọ pé EFCC á wá jókòó tì yín ní tíátà o. Àmọ́ yàtọ̀ sí òfin, ibo ni màmá fẹ́ gbà dé ìtàgé láìdá eré dúró? Tí wọ́n bá ń ta àwo tàbí ẹ̀wù lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n rà á. Owó olórin náà ni.

Bàbá Òṣogbo

Àbẹ̀ní ọmọ mi, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwa àgbà ò jókòó sí tíátà rí. Kí ẹ tó dáyé la ti ń sanwó wọlé, tí à ń jókòó jẹ́ẹ́ gbọ́ orin. 1944 ni Hubert Ògúndé kọ́kọ́ gbé eré rẹ̀ jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Ìgbà tó yá, ó ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú. Orin ló fi ń ṣí eré, orin ló fi ń pa á dé. Kọ́lá Ògúnmọ́lá náà ń gbé tirẹ̀ kiri. Níbí ní Òṣogbo, 1962 ni Mbari Mbayọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà ti Dúró Ládiípọ̀, bẹ̀rẹ̀. Mo kéré nígbà náà. Bẹ́ǹṣì pákó la jókòó lé, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù kankan, n kò sì rí ẹni tó sùn. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin lónìí, ìgbà èwe rẹ̀ bọ́ sí àsìkò yẹn. Lọ bi màmá rẹ léèrè kó o tó máa bẹ̀rù nítorí wọn.

Orin Nubia yẹn náà, ọmọ mi ń gbọ́ ọ, èmi náà ń gbọ́. Lílé àti ègbè wà nínú púpọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é nínú àlọ́. Tó bá lé e tán tó dákẹ́, ta ni yóò gbè é? Ẹ̀yin á na fóònù sókè, ẹ ó máa ya fídíò. Màmá á gbè é.

Àdùkẹ́ Peckham

Bàbá, ẹ ṣeun! Ní London níbí, mo lọ wo ọmọ wa kan nínú tíátà kékeré. Òyìnbó tó wà níwájú mi yíjú wò mí nígbà tí mo gbè é. Mo tún gbè é.

Ti orin tuntun tí ọ̀rẹ́ Àbẹ̀ní ò fẹ́, gbọ̀ngán kékeré ni olórin ti ń dán orin wò, ó fẹ́ rí ojú wa. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kìkì èyí tó mọ̀, kó gbọ́ àwo.

Àbẹ̀ní Ìkòròdú

Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo bi wọ́n. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ògúndé? Èmi àti bàbá rẹ lọ wò ó n'Íjẹ̀bú-Òde, a ò tíì bí ẹ̀gbọ́n rẹ." Láti ìgbà yẹn ni wọn ò ti dákẹ́: aṣọ tí àwọn ìyàwó Ògúndé wọ̀, bí wọ́n ṣe tò wọlé, ẹni tí àtùpà ṣubú lù. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, wọ́n ní kí n gbè é, mi ò mọ̀ ọ́n.

A ń lọ. Gèlè ti di ìborùn. Owó la ṣì ń jà lé lórí, wọ́n ní CBN kọ́ ló bí àwọn. Àlàbí, ìlà àkọ́kọ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì wa, àárín gan-an. Ṣé wọ́n á gbà kí n pààrọ̀ ẹ̀? Orin wo sì ni kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Àwọn tó fi Yorùbá kọ látòkè délẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀, kí ìyókù lè bá wọn níbẹ̀.

Àlàbí Onímáìkì

Ẹ pe ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́la, ẹ má dúró di ọjọ́ eré. Ìlà kẹfà tàbí ìkeje ni kí ẹ béèrè, létí ọ̀nà. Iwájú ni gbogbo ayé ń dù, wọn ò ní bá yín jiyàn. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ tètè dé, ẹ bá ẹnì kan lẹ́yìn ṣe pààrọ̀. Inú ẹ̀ á dùn, á rò pé òun jèrè.

Ìyá Ìbejì

Mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Ṣùgbọ́n ẹ mú súwẹ́tà dání fún wọn, kí wọ́n sì jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé.