Káàdì béèsìbọ́ọ̀lù ìgbà èwe mi ní Kaduna: ṣé ó tó nǹkan tí ènìyàn ń tà?

Ọmọ Kakuri (Kubwa, Abuja)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Kakuri ní Kaduna ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nígbà tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Láàárín ọdún 1987 sí 1992, àbúrò bàbá mi tí ó ń kàwé ní Houston máa ń fi káàdì tí àwòrán àwọn eléré ìdárayá Amẹ́ríkà wà lórí rẹ̀ há inú lẹ́tà sí mi. Béèsìbọ́ọ̀lù ni ó pọ̀ jù nínú wọn, eré tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣe rí, tí a kò sì mọ òfin rẹ̀. Síbẹ̀ a fẹ́ràn wọn gan-an: aṣọ onílà tín-ín-rín, fìlà, àti ẹ̀yìn káàdì tí ó kún fún nọ́ńbà wínníwínní tí a máa ń kà bí ẹni ń ka èsì ìdánwò. Mo kó wọn sínú páànù bísíkíìtì kan, mo sì gbé e dání títí tí mo fi kó wá sí Abuja.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ta irú káàdì bẹ́ẹ̀ kan ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù méjìlá dọ́là, láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí n sinmi. Topps ni orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó tẹ púpọ̀ nínú tèmi, ìyókù jẹ́ ti Fleer àti Donruss. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí ó níye lórí?

Àjàní Onísítáǹbù (Zaria)

Ọmọ yín kò parọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n ta káàdì Mickey Mantle, gbajúgbajà eléré béèsìbọ́ọ̀lù, tí Topps tẹ̀ ní 1952 ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Àmọ́ kí inú yín má tíì dùn jù, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀wọ́n ni ó sọ káàdì yẹn di olówó iyebíye. Àwọn ọmọ ìgbà náà ń fi káàdì há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kí ó lè máa dún pàràpàrà, bí wọ́n bá sì ti dàgbà kúrò nílé, àwọn ìyá wọn a gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Topps fúnra rẹ̀ kò mọ iyì ohun tí ó ní: Sy Berger, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ káàdì ọdún yẹn, máa ń ròyìn pé ní 1960 ni àwọn fi ọkọ̀ ojú omi kó àpótí àwọn tí kò tà, tí àwọn sì dà wọ́n sínú òkun.

Nígbà tí òkìkí owó wá kàn ní àwọn ọdún 1980, tọmọdé tàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì pamọ́, àwọn ilé iṣẹ́ náà sì ń tẹ̀ ẹ́ láìdáwọ́ dúró. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni tiyín bọ́ sí. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó da tirẹ̀ nù, ta ni yóò wá máa wá a rà? Púpọ̀ nínú wọn kò lè san owó tí ẹ ó fi fi wọ́n ránṣẹ́.

Àwọn díẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí káàdì ilé iṣẹ́ Upper Deck ti 1989, nọ́ńbà 1, tí àwòrán Ken Griffey Jr., eléré béèsìbọ́ọ̀lù, wà lórí rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Nítorí pé Houston ni wọ́n ti ń fi wọ́n ránṣẹ́, ẹ wò ó bóyá ti básíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá Fleer ti 1986, nọ́ńbà 82: ọmọ wa Olajuwon tí ó gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Houston ni, “Akeem” sì ni wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí kò tíì fi H sí iwájú orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lábẹ́ iná. Ilé iṣẹ́ PSA ní Amẹ́ríkà a máa fún káàdì ní máàkì láti 1 dé 10, igun tí ó rún díẹ̀ tàbí àmì ṣingọ́ọ̀mù tí Topps máa ń dì mọ́ káàdì nígbà náà sì tó láti já máàkì náà wálẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Barnawa, Kaduna)

Ẹ̀yin ọkùnrin, dọ́là nìkan ni ẹ rí. Àwa tí kò ní ẹbí ní Houston ńkọ́? Ọwọ́ ara wa ni a fi ṣe káàdì tiwa. A ó gé àwòrán nínú ìwé ìròyìn àná, a ó fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí ṣúgà, a ó fi ìwé àtẹ̀jáde wúwo kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó má baà ká kò, lẹ́yìn náà ni a ó fi bírò kọ iye góòlù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1994, àwòrán Rashidi Yekini tí ó di àwọ̀n mú, tí ó ń sunkún lẹ́yìn góòlù tí ó jẹ sí Bulgaria, ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń wá. Kaduna níbí ni wọ́n kúkú bí i sí, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù UNTL, ti ilé iṣẹ́ aṣọ, ni ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó lọ sí Ìbàdàn. Káàdì mẹ́rin ni wọ́n ń fi pààrọ̀ Yekini kan, àwọn ọmọkùnrin a sì tún máa rẹ́ àwa obìnrin jẹ.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀wọ́n ni ẹ ń wá, Àjàní, èyí ni ó wọ́n. Ikán ti jẹ tèmi tán. Ta ni ó ṣì ní ọ̀kan?

Àgbà Sábó (Kano)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ má ṣe fi rọ́bà di káàdì pọ̀, nítorí ooru ìhà ibí yìí a máa yọ́ rọ́bà mọ́ etí rẹ̀, bí ọyẹ́ bá sì dé, páálí a ká. Ẹ má sì gbé e fún àwọn tí ń fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ti bò ó, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Kakuri (Kubwa, Abuja)

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ ṣé. Griffey kò sí níbẹ̀. “Akeem” wà, ṣùgbọ́n ti 1989 ni, igun rẹ̀ kan sì ti ká. N kò ní tà wọ́n mọ́. Ọmọ mi ti ń tò wọ́n ní ọdọọdún, ó sì ń bi mí ní òfin eré náà. Ìyá Ìbejì, n kò ní Yekini o, ṣùgbọ́n mo máa bi àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Àjàní, ọ̀rá ìpamọ́ tí ẹ ń ki sítáǹbù sí, ibo ni ẹ ti ń rà á? Mo ti wá a ní ọjà Wuse, n kò rí i.