Òṣùpá mi ń jáde bí ẹyin sísè, ẹ gbà mí o

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kámẹ́rà Nikon D3300 ni mo fi ń ya òṣùpá, lẹ́ńsì 70-300 mílímítà tòkunbọ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń gbé e jáde sí bàkónì wa n'Íbàdàn. Ojú lásán ń rí àwọn ibi dúdú ara òṣùpá, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, funfun báláú ni, kò lójú, kò nímú. Mo gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) dé 3200 torí pé alẹ́ ni, ó tún wá burú sí i. Èyí tó bá fẹ́ dáa náà, á ṣe bàìbàì. Ṣé lẹ́ńsì ni àbí èmi?

Bàbá Onífọ́tò: Lẹ́ńsì ò jẹ̀bi. Ìwọ lo wà lálẹ́, òṣùpá wà lọ́sàn-án tirẹ̀, oòrùn ń ràn sí i lára gbaragada. Kúrò lórí Auto. Lo Manual, kí o fúnra rẹ yàn án: ISO 100, f/11 (bí ẹnu lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; nọ́ńbà kékeré ló ń ṣí i sí i), ṣọ́tà 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá jẹ́ ààbọ̀ òṣùpá, sún f wá sí 5.6.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, ṣé iná wà ládùúgbò yín lálẹ́ ọjọ́ náà?

Oníbèéèrè: Kò sí, mà. Jẹnẹrétọ̀ ará ìsàlẹ̀ ló ń ké.

Ìyá Ìbejì: Bàìbàì tìẹ nìyẹn. Bu omi sínú ife, gbé e sórí bàkónì, kí o wo ojú omi náà. Bó bá ń gbọ̀n, kámẹ́rà rẹ náà ń gbọ̀n. Sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Tó bá ti wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pa VR (ohun tí lẹ́ńsì fi ń dènà gbígbọ̀n), fi táímà sí ìṣẹ́jú àáyá 2. Ṣí Live View kí àwòrán hàn lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, sún òṣùpá mọ́ra, kí o rọra máa yí lẹ́ńsì fúnra rẹ títí etí rẹ̀ á fi mú bí abẹ. Má sì retí kó kún fọ́tò: ní 300, òṣùpá ò tó mílímítà 3 lórí sẹ́ńsọ̀, ojú tí kámẹ́rà fi ń gba àwòrán. Gígé lo máa gé e.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àárín oṣù tí òṣùpá kún kọ́ ló dáa jù. Dúró de ààbọ̀, òjìji á jẹ́ kí àwọn kòtò rẹ̀ hàn. Má sì dán an wò nínú ọyẹ́, eruku ni wàá yà. Ẹ̀yìn òjò ni kó o jáde.

Oníbèéèrè: Òrùka Saturn ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Pẹ̀lú 300? Gbàgbé. Ṣùgbọ́n dojú kọ Jupiter, ISO 1600, ṣọ́tà 1/4, wàá rí òṣùpá rẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Àgùàlà tí wọ́n ń pè ní ajá oṣù náà máa ń ṣe bí dòjé nígbà tó bá súnmọ́ ayé.

Oníbèéèrè: Ìyá Ìbejì, omi náà ń gbọ̀n lóòótọ́! Mo ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́bàá kànga. Òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni mo yà á, ó lójú, ó nímú. Ihò kan wà lápá ọ̀tún, ìlà funfun fọ́n jáde lára rẹ̀ bí àwo tó sán. Kí nìyẹn?

Bàbá Onífọ́tò: Tycho ni, ọ̀kan nínú àwọn kòtò ojú òṣùpá. Nínú fọ́tò àwọn ará Yúróòpù, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ ni òṣùpá fi ń lélẹ̀ tó bá ń yọ. Fi fọ́tò náà síbí jàre.