Ṣé "àsọtẹ́lẹ̀ omi" ni àbí "wíwojú omi"?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ti rìn jìnnà kí n tó dá sí i, iṣẹ́ ló há mi mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Minnesota, l'Amẹ́ríkà, ló béèrè pé ọmọ òun ń kọ́ síkì orí omi, eré tí ọkọ̀ ti ń fi okùn fa èèyàn sáré lórí omi, pé láràárọ̀ Sátidé kí wọ́n tó wa mọ́tò lọ sí adágún, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí fóònù, wọ́n á wo kámẹ́rà tí wọ́n gbé sétí omi, wọ́n á wo bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí àti bí omi ṣe tutù sí, báwo wá lòun ṣe máa sọ gbogbo ẹ̀ fún Màmá nílé tí wọn ò ní rò pé babaláwo lòun ń gbà lọ? Làwọn kan bá ní "àsọtẹ́lẹ̀ omi", àwọn kan ní "àyẹ̀wò ipò omi", ẹnì kan tiẹ̀ ní "gígun ìgbì" ni ká pe eré yẹn fúnra ẹ̀.

Gígun ìgbì kọ́ rárá ẹ jàre. Ẹni tó ń gun ìgbì, ìgbì ló ń wá kiri, ṣùgbọ́n oní síkì, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń fi okùn fà á, ìgbì gan-an lọ̀tá ẹ̀. Minnesota yẹn náà ló ti bẹ̀rẹ̀, lórí Lake Pepin, lọ́dún 1922, ọmọ ọdún 18 kan tó ń jẹ́ Ralph Samuelson ló so pákó méjì mẹ́sẹ̀, ó ti se imú pákó náà nínú omi gbígbóná kó lè tẹ̀ sókè. Kò gun ìgbì kankan. "Yíyọ̀ lórí omi" sàn díẹ̀, torí a máa ń ní ilẹ̀ ń yọ̀, àmọ́ Màmá á béèrè pé kí ló dùn mọ́ ọmọ òun tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń yọ̀ lórí omi. Ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ síkì.

Ti àsọtẹ́lẹ̀ yẹn ló ká mi lára. Òótọ́ ni pé wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lórí rédíò, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ti ọ̀la nìyẹn, ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Ohun tọ́mọ yẹn ń wò lórí fóònù, ìsinsìnyí ni. Àsọtẹ́lẹ̀ lè ní atẹ́gùn ò ní fẹ́, kẹ́ ẹ ṣí kámẹ́rà kẹ́ ẹ rí ìgbì tó ti hu orí funfun káàkiri, èwo lẹ máa gbà gbọ́ níbẹ̀? Tá a bá fún méjèèjì lórúkọ kan náà, ẹlòmíì á gbé ọkọ̀ ẹ̀ rin ìrìn wákàtí méjì lásán. "Ipò omi" ní tiẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ló wọ agbádá. Ipò létí tèmi, ipò kìíní, ipò kejì ni, àbí omi náà ń ṣèdánwò?

A ti ní ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pẹja lọ́sà, ilé ò sún mọ́ èbúté, ìdájí ni wọ́n á ti nà mí lẹ́sẹ̀ pé, "Lọ bá mi wojú omi wá." Màá sáré lọ, màá sáré bọ̀: ó pa rọ́rọ́, tàbí ó ń ru díẹ̀, tàbí kùrukùru ti bò ó, mi ò rí òdìkejì. Wọ́n ṣì wà lábẹ́ aṣọ ìbora wọn o. Wíwojú omi láti òkèèrè nìyẹn, èmi ni kámẹ́rà. Bá a ṣe ń wojú èèyàn náà ni ká tó tọrọ owó lọ́wọ́ ẹ̀. A ní ojú ọjọ́, a ní ojú omi, kí la tún ń wá ipò fún?

Lọ́jọ́ kan mi ò tiẹ̀ débùúté, mo dúró níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, mo padà lọ sọ pé ó pa rọ́rọ́, bíi tàná. Ìyà tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bi mí. Kámẹ́rà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwòrán á dúró sójú kan látàná láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ẹ sọ fọ́mọ pé aago tó wà lára àwòrán ni kó kọ́kọ́ wò.

Ọ̀lẹ bíi tẹ̀gbọ́n bàbá mi náà ló sì bí kámẹ́rà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní yunifásítì Cambridge lọ́dún 1991, àwọn oníkọ̀ǹpútà kan gbé kámẹ́rà kọjú sí ìkòkò kọfí wọn, kí wọ́n má baà rìn débẹ̀ kí wọ́n bá a lófìfo. Ìgbà tó di 1993 ló bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń wojú kọfí.

Ẹni tó túmọ̀ "knot", ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí atẹ́gùn ṣe ń yára tó, sí "kókó", mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń sọ o, torí àwọn atukọ̀ òyìnbó àtijọ́ ta kókó sí okùn lóòótọ́, wọ́n á jù ú sómi, wọ́n á máa ka iye kókó tó yọ́ kọjá lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, "atẹ́gùn koko 10", ẹlòmíì á ní oko kòkó ni ìjì jà. Mo fara mọ́ nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì 7 sí 10 ni orí funfun yẹn ti máa ń yọ, kí oní síkì má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ àti Bàdágìrì tẹ́ ẹ wà láàárín wa, ẹ gbà mí o. Láàárọ̀ kùtù tí atẹ́gùn ò tíì jí, tí igi etí omi dorí kodò sínú omi bíi ìgbà téèyàn ń wo dígí, ìyẹn gan-an loní síkì ń wá. Ní Ẹ̀pẹ́, "ó pa rọ́rọ́" náà la máa ń pè é, kí lẹ̀yin ń pè é lọ́dọ̀ yín?