Olùtọ́nisọ́nà tàbí asinnisọ́nà: ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni a ó yàn?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ìbéèrè tí ọ̀kan nínú wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlànà iṣẹ́ gbé wá ni pé, kí ni a ó máa pe ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mentor, ìyẹn àgbà nínú iṣẹ́ kan tó fa ẹni tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀ mọ́ra, tó ń là á lọ́yẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí kò sì pọn dandan kó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ ti dábàá: olùtọ́nisọ́nà, alágbàtọ́ àti baba ìsàlẹ̀. Mo ka gbogbo àwíjàre yín, ohun tó sì ṣe mí ní kàyéfì ni pé orúkọ àgbà yìí nìkan ni a ń wá; a kò tíì bi ara wa irú àjọṣe tó wà láàrin òun àti ẹni kejì rẹ̀, àti ohun tó ń mú un pẹ́.

Orúkọ ènìyàn ni mentor kí ó tó di ọ̀rọ̀ gbogboogbò. Nínú ìtàn Odysseus tí Homer akéwì Gíríìkì sọ, Mentor ni ọ̀rẹ́ tí Odysseus fi ilé rẹ̀ síkàáwọ́ nígbà tó ń lọ sójú ogun Troy, àmọ́ nígbà tí Telemachus ọmọ rẹ̀ nílò ẹni tí yóò gbà á nímọ̀ràn, Athena, òrìṣà obìnrin, ni ó gbé àwọ̀ Mentor wọ̀ láti darí rẹ̀. Ìtàn tí Fénelon, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ nípa Telemachus, tó jáde ní ọdún 1699, ni ó wá sọ orúkọ náà di mímọ̀ káàkiri. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ lásán kò sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: a- tàbí olù- ni a máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá irú orúkọ báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe tí a bá mú ni yóò sọ irú àjọṣe tí a gbà pé ó jẹ́.

Alágbàtọ́ kò pẹ́ mi lọ́wọ́ rárá, nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ ni alágbàtọ́ ń tọ́, ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti dàgbà. Baba ìsàlẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá ní baba ìsàlẹ̀ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ìtẹríba kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì fi àyè sílẹ̀ fún obìnrin. Òótọ́ ni pé àgbà lè sọ̀rọ̀ ẹni níre níbi tí wọ́n ti ń pín ipò, ṣùgbọ́n alágbàwí ni mo mọ̀ fún ìyẹn.

Olùtọ́nisọ́nà ló gba ìrònú, nítorí pé ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú rẹ̀ ni tọ́, ohun tó wọ́ ni a sì máa ń tọ́. Ẹni tí kò tíì mọ̀nà ni a ń tọ́ sọ́nà. Ó bá oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ mu dáadáa. Kí wá ni a ó pe àjọṣe náà ní ọdún kẹfà, nígbà tí àbúrò ti mọ̀nà, bóyá tó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju àgbà lọ?

Ibí yìí ni iṣẹ́ Kathy Kram ti wúlò fún wa. Ní ọdún 1983, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà yìí tẹ ìwádìí kan jáde lórí àjọṣe 18 láàrin àgbà àti ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan. Ìpele mẹ́rin ló rí. Ìbẹ̀rẹ̀ máa ń gba oṣù 6 sí ọdún kan. Ìgbà tí àǹfààní pọ̀ jù lè gba ọdún 2 sí 5. Ìyapa á wá tẹ̀ lé e, láti oṣù 6 títí di ọdún 2. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn méjèèjì á tún àjọṣe wọn dá, tí wọn yóò sì di ojúgbà tàbí ọ̀rẹ́. Lójú tèmi, ìpele kẹta ni ọ̀pọ̀ àjọṣe ti ń bàjẹ́, nítorí pé àgbà kò fẹ́ kí ọwọ́ òun kúrò, tàbí pé àbúrò ń tijú láti sọ pé òun kò nílò ìtọ́ni ojoojúmọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ìyapa nínú kò lè gbé àjọṣe yìí dé ìparí rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá asinnisọ́nà, àti ìsinnisọ́nà fún iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá sin àlejò sọ́nà yóò bá a rìn dé ibìkan, yóò máa bá a sọ̀rọ̀ lọ, lẹ́yìn náà yóò padà, àlejò yóò sì máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ kò tìtorí pé ẹnì kan padà bàjẹ́.

Mo mọ àtakò tí yóò dé. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí sìn máa ń di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, nípa bẹ́ẹ̀ a kò lè fi etí ya asinni yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń sin òkú. Ìdáhùn mi ni pé kò sẹ́ni tó ń sin òkú sọ́nà. Ìrù ọ̀rọ̀ náà ti tú u sílẹ̀. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni orúkọ ẹnì kejì. Bí a bá gé e kúrú sí “ẹni-à-ń-sìn”, a ti sọ akọ́ṣẹ́ di òrìṣà (bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn kan tí yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀). “Ọmọ ẹ̀yìn” tí ẹnì kan mú wá kò sì tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹ̀yìn ni ọmọ ẹ̀yìn máa ń wà.

Àgbà tó sin èmi fúnra mi sọ́nà nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún àtúnyẹ̀wò ní ọdún keje. Ọ̀gá mi ni mo ṣì ń pè é, òun sì ń pè mí ní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè gba àwa méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé e wá.