Jíìpù mi tó ń gbọ̀n: a ti rí ohun tó ń ṣe é o

Ẹ̀yin èèyàn mi, jíìpù mi tí mo béèrè nípa ẹ̀ lọ́wọ́ yín, tí síárìn ẹ̀ ń gbọ̀n tí eré bá ti wọ 80 kìlómítà ní wákàtí kan, tó tún ń fà sọ́tùn-ún, a ti rí ohun tó ń ṣe é o. Ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ló gbẹ mọ́ inú ríìmù gbagidi, bá a ṣe họ ọ́ kúrò báyìí ni gbígbọ̀n yẹn dín kù. Ìyókù, kálípà ọ̀tún ni, ìyẹn ohun tó ń tẹ páàdì bíréèkì mọ́ díìsìkì tó ń bá wíìlì yí; píìnì tó fi ń sún ti dípẹtà, kò sún mọ́, páàdì inú ti jẹ tán, ti ìta ṣì nípọn dáadáa. A fọ píìnì, a fi gíríìsì sí i, a pààrọ̀ páàdì ẹsẹ̀ méjèèjì. Shọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ lọ rà tẹ́lẹ̀ o! Ẹni tó ní kí n sún ọwọ́ mọ́ wíìlì tí mo bá ti páàkì, ẹ ṣé gan-an, tọ̀tún gbóná bí ààrò.