Màmá mi kì í sọ òótọ́ ara wọn fún dókítà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Ìta_Ẹlẹ́wà: Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Àfẹ̀mọ́júmọ́ la ti máa ń wà lórí ìlà ní ọsibítù. Tá a bá wọlé tán, dókítà á ní, "Màmá, ara ńkọ́?" Wọ́n á ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Ó parí nìyẹn! Ká tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀, wọ́n á ti máa ròyìn bí ẹsẹ̀ ṣe ń ta wọ́n lóru. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la tún ń lọ. Kí lẹ máa ń ṣe?

Ìyá_Ìbejì_Agric: Ha, bí ìyá tèmi náà ṣe rí nìyẹn! Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń jókòó tì wọ́n, màá kọ ọ́ sínú ìwé: èyí tó ń dà wọ́n láàmú jù ló máa ṣáájú, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń mú un le. Ẹ má kọ ju nǹkan mẹ́ta lọ. Kí dókítà tó béèrè àlàáfíà ni kí ẹ ti mẹ́nu ba ẹsẹ̀ yẹn. Ṣúgà máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ẹ ní kí wọ́n bọ́ bàtà màmá kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì_Odógunyàn: Ẹ kó gbogbo oògùn wá nínú náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú páálí wọn. "Oníhóró funfun kékeré yẹn" ò yé ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́. Bí dókítà bá máa bínú, kó bínú. Ibuprofen, oògùn ìrora tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì nítorí orúnkún, lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì lè pa kíndìnrín lára. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí amlodipine bá ń mú kókósẹ̀ wú, tàbí tí lisinopril, tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ń fa ikọ́ gbígbẹ, ẹ má dá a dúró nílé, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí màmá tọ̀, kí wọ́n fẹ̀yìn tì fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹnu ní dídákẹ́. Kò gbọdọ̀ sí obì tàbí kọfí ní ìṣẹ́jú 30 tó ṣáájú.

Bàbá_Ìgbógbó: Ọmọ mi, èmi gan-an ni mo ní àìsàn yìí. Mo ní ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, mo ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ kí n tó lọ. Dókítà ń wo ìwé yẹn ju ojú mi lọ. Béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c pẹ̀lú, òun ló ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Ti ìka tí wọ́n ń gún, ẹni tó bá sá fún ẹ̀bà lálẹ́ àná lè fi tàn wọ́n jẹ.

Ìyá_Ìbejì_Agric: Bàbá, ẹ ti tú wa láṣìírí o 😂

Ọmọ_Ìta_Ẹlẹ́wà: Ẹ ṣé gan-an. Tí wọ́n bá ní ká wá láìjẹun ńkọ́, ṣé kí wọ́n lo oògùn ṣúgà kí wọ́n tó kúrò nílé?

Nọ́ọ̀sì_Odógunyàn: Rárá o, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ gbé e dání pẹ̀lú mọ́ín-mọ́ín. Tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lò ó. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sábà máa ń fi omi lásán lò ó láàárọ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ṣúgà ni wọ́n ń gbà, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.