Ìdérí ẹ́ńjìnnì RV-7 mi ti sán: ṣé kí n lẹ òmíràn lé e ni?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ọkọ̀ òfuurufú kékeré RV-7 kan lọ́wọ́ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, Texas níbí ni mo gbé e sí. Ẹ́ńjìnnì Lycoming O-360 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tú ìdérí ìsàlẹ̀ kí n lè pààrọ̀ ọ́ìlì, mo rí i pé fáíbà rẹ̀ ti sán ní igun ibi tí páìpù èéfín ń gbà jáde, ó gùn tó ìka àárín mi. Ẹnì kan ti lẹ fáíbà lé e láti inú rí, àmọ́ etí rẹ̀ ti ń ṣí, èékánná lásán gbé e sókè. Ibẹ̀ dúdú, ọ́ìlì sì ti wọ̀ ọ́. Àlàfo tó wà láàárín spinner (ìbòrí ṣónṣó tó wà láàárín abẹ̀bẹ̀ iwájú) àti ìdérí náà kò dọ́gba mọ́: ó fẹ̀ lókè, nísàlẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ṣé kí n lẹ òmíràn lé e? Ṣé kí n fi sáńpépà ha ìdérí náà títí yóò fi bá spinner mu?

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, Houston: Àbúrò, má lẹ nǹkan kan lé e o. Ṣí èyí tó wà níbẹ̀ kúrò pátápátá. Fáíbà àti résìn epoxy ni wọ́n fi ṣe ìdérí yẹn, ó sì jọ pé résìn polyester ni ẹni yẹn fi lẹ ti ẹ̀. Polyester kì í di epoxy tó ti gbẹ mú dáadáa. Kọ́kọ́ fọ ọ́ìlì náà kúrò kí sáńpépà tó kàn án, torí bí o bá ń ha á pẹ̀lú ọ́ìlì, ṣe ni wàá máa tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i. Tí honeycomb inú rẹ̀ (ohun fúyẹ́ tó rí bí afárá oyin, tó wà láàárín fáíbà) bá ti mu ọ́ìlì, gé apá ibẹ̀ kúrò. Lu ihò kékeré sí ìparí ibi tó sán, kó má baà máa lọ. Lẹ́yìn náà, fi sáńpépà 80 ha á ní ìdagẹ̀rẹ̀, bí íǹṣì méjì yí i ká, kí o wá tẹ́ aṣọ fáíbà lé ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Fi òṣùwọ̀n wọn epoxy àti hardener rẹ̀ (èyí tó ń mú kó le). Má fi kún hardener pé kó lè tètè gbẹ, kò ní le dáadáa ni. Lo ìbòmú!

Ìyá Ìbejì, Leicester: Ẹ̀gbọ́n sọ òótọ́, àmọ́ kí ló sán an? Tí a ò bá wá ìyẹn, yóò tún sán. Ẹ́ńjìnnì máa ń mì jìgìjìgì nígbà tí a bá ń tan án àti nígbà tí a bá ń pa á. Wo bóyá páìpù yẹn ń kan fáíbà, wo bóyá ooru rẹ̀ ló sọ ọ́ di dúdú. Epoxy tó gbẹ nínú afẹ́fẹ́ lásán máa ń rọ̀ bí ooru bá pọ̀. Fi bébà aluminiomu tó ń dá ooru padà bo inú ibẹ̀, kí o sì jẹ́ kí àlàfo tó pọ̀ tó wà.

Ní ti spinner, má ha ìdérí rẹ! Rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró ló ti rẹlẹ̀, ó sì ti mú imú ẹ́ńjìnnì wá sílẹ̀. Wáṣà tí a fi sí ibi rọ́bà náà lè gbé e padà, bí rọ́bà náà bá ṣì dára. Bí ó bá ti sán, pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ṣé mo lè fi bodi fílà (èyí tí àwọn apánẹ́lì fi ń dí ara mọ́tò) dí i kí n tó kùn ún?

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, Houston: Rárá o, ti mọ́tò nìyẹn. Po microballoons (lúbúlúbú fúyẹ́ kan) mọ́ epoxy fún ibi tó kàn fẹ́ dán lásán. Etí ibi tí hinge (ìdè tó so ìdérí náà mọ́ ọkọ̀) wà ni kí o lo epoxy tí a po òwú flox mọ́ sí, torí ó lágbára ju ìyẹn lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ fúnra rẹ lè ṣe iṣẹ́ náà, àmọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ fún un, bíi A&P (mẹkáníìkì ọkọ̀ òfuurufú tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ), ló gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún ẹ. Fi fọ́tò inú rẹ̀ ránṣẹ́ kí o tó po résìn.